Májèlé èbu nínú àgbàdo àti ẹ̀pà: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti ibi tí èsì ti ń ṣìnà

Olùtọ́jú-Àká

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àgbàdo tọ́ọ̀nù 8 wà nínú àpò, ẹ̀pà tí a ti pa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọ́ọ̀nù 1. Ẹni tó fẹ́ rà á ní òun fẹ́ rí èsì àyẹ̀wò aflatoxin (májèlé tí èbu ń ṣe) kí òun tó sanwó. A bu sáńpù ẹ̀ẹ̀mejì nínú àgbàdo kan náà: àkọ́kọ́ jáde ní 3 ppb, èkejì ní 41. Ṣé kíìtì (ohun èlò àyẹ̀wò) ló bàjẹ́ ni? Àyẹ̀wò wo la lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nínú àká, èwo ló gbọ́dọ̀ lọ sí láàbù?

Aláyẹ̀wò-Ọkà

Ó ṣeé ṣe kí kíìtì yín má ní àbùkù kankan, kí èsì méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Èbu kì í mú gbogbo hóró bákan náà. Hóró tí kòkòrò ti lu, tó sán, tàbí tí ọ̀dá bá lórí oko ni Aspergillus flavus, èbu tí ń ṣe aflatoxin, ń ráyè wọ̀. Ọgọ́rùn-ún hóró tó yí i ká lè mọ́ tónítóní. Bí òkúta inú ẹ̀wà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí: ẹni tó bu ṣíbí kan wò kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí òkúta nínú àpò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. ppb 1 ni máíkírógíráàmù 1 nínú kílò 1 (µg/kg). Wọ́n ti rí hóró ẹ̀pà kan ṣoṣo tí májèlé inú rẹ̀ ju 1,000,000 ppb lọ. Bí irú hóró bẹ́ẹ̀ bá wọn gíráàmù 0.5, µg 500 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á mọ́ kílò 10 ẹ̀pà tí kò ní nǹkan kan, kí ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀: kílò 10 náà ti di 50 ppb. Hóró kan péré! Ẹni tó bu gíráàmù 200 lẹ́nu àpò tó súnmọ́ ilẹ̀kùn kò yẹ ẹrù yẹn wò rárá, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n tó.

Nítorí náà, ibi sáńpù ni kí ẹ ná àkókò yín sí. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni mo máa ń tẹ̀ lé, torí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Fún ọkà tó ju tọ́ọ̀nù 3 lọ títí dé 10, ẹ ó bù ú lójú 40, gíráàmù 100 lójú kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 4. Ẹ̀pà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: fún tọ́ọ̀nù 1, ojú 30 ni, gíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ kílò 6. Ìdí tó fi le ni pé hóró ẹ̀pà tóbi ju ti àgbàdo lọ: kílò kan ẹ̀pà kò ní hóró púpọ̀ bíi kílò kan àgbàdo, èyí tó bàjẹ́ sì tètè máa ń bọ́ sẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ bù ú nínú àpò, irin tó ní ihò nínú tó sì mú lẹ́nu ni kí ẹ lò. Ẹ gún àpò láti igun kan lọ sí igun kejì lọ́nà àgbékọjá, kí irin náà gba òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ má gún àwọn àpò tó wà níta òkìtì nìkan. Àpò inú lọ́hùn-ún ni ooru àti ọ̀rinrin máa ń há mọ́, ibẹ̀ sì ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó sàn jù pé kí ẹ bù ú nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù tàbí tí wọ́n ń dà á: ẹ fi ife gé ìṣàn ọkà náà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ní àárín àkókò tó dọ́gba. Ẹ má ṣa hóró burúkú jáde, ẹ má sì lọ wá a kún un.

Màmá-Láàbù

Ẹ ṣeun, Aláyẹ̀wò-Ọkà. Kí n fi tèmi kún un fún Olùtọ́jú-Àká. Kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta yìí wá ibi tí ìyàtọ̀ 3 sí 41 ti wá:

Ẹ mú omi kan náà tí ẹ ti yọ láti inú ìyẹ̀fun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọn ò bá súnmọ́ra, ọwọ́ tàbí kíìtì ló ní àléébù.

Bí wọ́n bá súnmọ́ra, ẹ wọn ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò kan náà, ẹ yọ májèlé inú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ibí yìí bá yàtọ̀, ìlọ̀ ni kò kúnná tàbí kò pò pọ̀.

Bí ìyẹn náà bá bára mu, a jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń bu sáńpù nínú ẹrù ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ má pín 3 àti 41 sí méjì kí ẹ pè é ní 22, ẹ má sì mú èyí tó wù yín nínú méjèèjì. Ẹ da méjèèjì nù, ẹ bu kílò 4 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

Ní ti ìlọ̀, kílò 4 náà lódidi ni kí ẹ lọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n pín sáńpù kéékèèké kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Hóró burúkú á bọ́ sí apá kan, apá kejì á mọ́, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lójú 40 á sì di òfo. Ẹ lọ̀ ọ́ títí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ó kéré tán, á fi gba inú ajọ̀ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.85 kọjá. Ẹ jọ̀ ọ́ wò; ojú lásán máa ń tan ni jẹ. Lẹ́yìn náà ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ mú apá méjì tó kọjú síra, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ tún pín in, títí yóò fi kù bí iye tí ẹ nílò. Bí agbára bá wà, ẹ yọ májèlé láti inú gíráàmù 50, ó fọkàn balẹ̀ ju gíráàmù 5 lọ.

Ẹ̀pà kì í di ìyẹ̀fun, òróró ló máa ń yọ, ẹ̀rọ á gbóná, á dì mọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi í sínú fírísà mọ́jú kí ẹ tó lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ fi omi pò ó di ọ̀gì nínú ẹ̀rọ ńlá. Bí ẹ bá lo omi, ẹ kọ ìwọ̀n omi náà sílẹ̀ o. Ọ̀gì gíráàmù 40 tí a fi omi àti ẹ̀pà ìlàjì-ìlàjì pò, ẹ̀pà gíráàmù 20 péré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò máa ka ìdajì májèlé.

Láàárín sáńpù kan sí èkejì, ẹ gbá ẹ̀rọ mọ́, ẹ lọ ìwọ̀nba ọkà mímọ́ gbà á kọjá, kí ẹ dà á nù.

Akẹ́kọ̀ọ́-Oúnjẹ

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàlàyé ELISA fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àti pé mo gbọ́ pé iná ultraviolet lásán tó, pé hóró tó ní aflatoxin á máa tàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Aláyẹ̀wò-Ọkà

Kí n mú ti iná kúrò nílẹ̀ kí Màmá tó dé. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, lábẹ́ iná 365 nm, ẹ ó rí àgbàdo tí ń tàn ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ yẹ́lò, yòò. Aflatoxin kọ́ lẹ ń rí yẹn. Kojic acid ni, tí èbu kan náà ń ṣe, tí énsáìmù inú hóró tútù sì yí padà. Nítorí náà ó lè tàn láìsí aflatoxin, aflatoxin sì lè wà láìtàn. Hóró tí èbu wọ inú rẹ̀ kò ní fi hàn àfi tí ẹ bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ọkà tó ti pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, títàn rẹ̀ á ti ṣá. Ohun tí iná yìí wúlò fún ni kí ẹ mọ ẹrù tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tí ẹrù pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í fọwọ́ sí ẹrù. Ẹ wọ awò tí ń dènà ultraviolet, ẹ má tẹjú mọ́ iná náà.

Ojú lásán ńkọ́? Èbu tí ẹ rí lè jẹ́ irú tí kì í ṣe májèlé. Kódà nínú A. flavus pàápàá, àwọn ìran kan wà tí kò ń ṣe aflatoxin. Èbu sì lè ti kú, kó ti gbọ̀n dànù, kí májèlé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Màmá-Láàbù

ELISA, àbúrò: àyẹ̀wò tí ń fi àwọ̀ sọ iye májèlé ni. Bí iye inú ìwé kíìtì yín bá yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ, ìwé kíìtì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wọn ìyẹ̀fun gíráàmù 20, ẹ da methanol 70% mílílítà 100 sí i: ìpín 70 methanol, ìpín 30 omi. Omi nìkan kò lè tú aflatoxin dáadáa, methanol gidi nìkan kò sì lè wọ inú ìyẹ̀fun gbígbẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pò wọ́n pọ̀. (Àwọn kíìtì kan wà tí ń lo omi, èròjà mìíràn ni wọ́n ti fi kún un, ẹ má pààrọ̀ wọn mọ́ra.) Ẹ mì í kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 3, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ fi pépà Whatman nọ́ńbà 1 sẹ́ ẹ.

Ẹ gbé gbogbo kíìtì jáde nínú fìríìjì kó tó wákàtí kan ṣáájú, kó lè wà ní 20 sí 25°C. Nínú kòtò ìpòpọ̀, ẹ fi µl (máíkírólítà) 200 omi énsáìmù, ẹ fi µl 100 omi òdiwọ̀n (èyí tí a mọ iye aflatoxin inú rẹ̀) tàbí ti sáńpù sí i, ẹ pò ó, ẹ gbé µl 100 lọ sínú kòtò tó ní antibody (èròjà tí ń di aflatoxin mú). Ìṣẹ́jú 15. Ẹ dà á nù, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ gbá a lójú mọ́ pépà títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ fi µl 100 substrate (èròjà tí énsáìmù ń fún ní àwọ̀), ìṣẹ́jú 5, á di búlùú. Ẹ fi µl 100 omi ìdádúró, á di àwọ̀ yẹ́lò, ẹ kà á ní 450 nm láìjáfara.

Ohun tó ń dojú rú fún àwọn tuntun ni pé ìdíje ló wà níbẹ̀. Aflatoxin inú sáńpù àti aflatoxin tí a so énsáìmù mọ́ ń du ìjókòó kan náà lórí antibody. Bí ti sáńpù bá pọ̀, ó gba ìjókòó, énsáìmù á jáde pẹ̀lú omi ìfọ̀, àwọ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà àwọ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni májèlé pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ tó kún ni kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: pípẹ́ẹ̀tì tó lọ́ra, tí kòtò àkọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú ìkẹyìn, ẹ lo pípẹ́ẹ̀tì olórí púpọ̀. Kíìtì tó tutù máa ń dín àwọ̀ kù, á wá dà bíi pé májèlé wà. Ìfọ̀ tí kò tó máa ń fi énsáìmù sílẹ̀, àwọ̀ á pọ̀ jù, májèlé á fara pamọ́. Èyí ló léwu jù nínú gbogbo wọn. Ẹ má da omi kíìtì kan mọ́ ti kíìtì mìíràn tí nọ́ńbà ìpele rẹ̀ yàtọ̀. Bí èsì bá ju omi òdiwọ̀n tó ga jù lọ, ẹ má fojú díwọ̀n: ẹ fi methanol 70% la omi sáńpù náà, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi iye ìgbà tí ẹ là á sọ èsì di púpọ̀.

Kíìtì tí wọ́n ṣe fún àgbàdo kì í ṣe fún kòkó tàbí ata gbígbẹ. Àwọ̀ àti èròjà inú wọn máa ń dí antibody lọ́wọ́, ẹ ó sì rí májèlé níbi tí kò sí.

Olùtọ́jú-Àká

Ẹ ṣé gan-an, mà. A kò ní ẹ̀rọ tí ń ka 450 nm. Sìtíríìpù (pépà àyẹ̀wò tín-ín-rín) ńkọ́?

Màmá-Láàbù

Ó dára fún àká. Ìyọ májèlé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, èsì á sì jáde láàárín bí ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀. Ìlà ìdánilójú gbọ́dọ̀ yọ. Bí kò bá yọ, sìtíríìpù náà ti bàjẹ́, ẹ jù ú nù. Ìlà àyẹ̀wò ní tirẹ̀, bó bá hàn kedere, májèlé kò dé ààlà. Bó bá ń parẹ́, ó wà. Àkókò tí wọ́n kọ sórí páálí ni kí ẹ kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ráyè, torí ìlà mìíràn máa ń yọ nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń kà á bó bá ṣeé ṣe. Ojú ènìyàn méjì kì í rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà. Ẹ pa sìtíríìpù mọ́ nínú ìgò rẹ̀ pẹ̀lú èròjà amúgbẹ. Ọ̀rinrin ń pa á.

Ọ̀gá-HPLC

Ibi tí láàbù ti wọlé ni pé bí sìtíríìpù tàbí ELISA bá súnmọ́ ààlà, tàbí tí ẹjọ́ bá wà, HPLC tàbí LC-MS/MS, àwọn ẹ̀rọ láàbù tí ń ya èròjà sọ́tọ̀ láti mọ iye wọn, ló ń parí rẹ̀.

Fún aflatoxin, a ń fi omi la ohun tí a yọ títí methanol á fi wá sí bíi 10 sí 15%, nítorí methanol tó pọ̀ máa ń ba antibody inú immunoaffinity column (ọ̀pá kékeré tí ń di aflatoxin mú) jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa kán ní ẹ̀kán 1 sí 2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá kánjú tì í, májèlé á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìdúró. Omi mílílítà 10 lẹ́ẹ̀mejì fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà methanol mílílítà 1, kó dúró bí ìṣẹ́jú 1 nínú column kó tó jáde. Ẹ rántí pé column púpọ̀ kò lè gbé ju nǹkan bíi ng (nánógíráàmù) 100 lọ. Sáńpù tó burú gan-an lè kún un ní àkúnwọ́sílẹ̀, èsì á wá kéré ju òótọ́ lọ.

Nínú HPLC, ìmọ́lẹ̀ 365 nm ń wọlé, a ń ka nǹkan bíi 440 nm. Nínú àwọn oríṣi aflatoxin, B1 àti G1 kì í tàn dáadáa nínú omi, B2 àti G2 ń tàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé wọn kọjá nínú bromine tàbí iná 254 nm lẹ́yìn column HPLC. Bí ẹ bá rí B2 àti G2 tó ga, tí B1 àti G1 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú omi òdiwọ̀n, ẹ wo ẹ̀rọ bromine tàbí iná yẹn kí ẹ tó wo ibòmíràn.

Aflatoxin ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, oòrùn sì ń bà á jẹ́: ìgò aláwọ̀ búráùn, gíláàsì tí a ti fi ásíìdì fọ̀. Ẹ má gbàgbé ìdánwò àfikún: ẹ fi iye aflatoxin tí ẹ mọ̀ sínú ọkà mímọ́, kí ẹ wo iye tó padà. Láàárín 1 sí 10 µg/kg, ìlànà Yúróòpù tẹ́lẹ̀ gba 70 sí 110%. Láàbù tí kò lè fi iye yìí hàn yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

LC-MS/MS lè wá ọ̀pọ̀ májèlé lẹ́ẹ̀kan náà: acetonitrile 79, omi 20, acetic acid 1 ni a sábà fi ń yọ wọ́n. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn èròjà inú oúnjẹ máa ń pa àmì májèlé lẹ́nu mọ́. Òdiwọ̀n tó ní carbon-13, tí a dà sínú sáńpù, ló ń tún un ṣe. Láìsí ìyẹn, ẹ fi ọkà mímọ́ irú kan náà ṣe omi òdiwọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́-Oúnjẹ

Ṣé èyí kan fumonisin, májèlé èbu mìíràn nínú àgbàdo, náà? Àgbàdo ni mo ń bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá-HPLC

Ó kàn án, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Fumonisin kì í tàn fúnra rẹ̀, a ń fi OPA kùn ún kí ó tó tàn, ohun tó sì dà yẹn kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Iye ìṣẹ́jú láàárín OPA àti abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún omi òdiwọ̀n àti sáńpù gbogbo. Ẹ má tọ́jú omi òdiwọ̀n rẹ̀ sínú methanol, ó ń yí i padà; acetonitrile àti omi ìlàjì-ìlàjì ni.

Nínú àlìkámà, májèlé èbu DON ni kí ẹ wá, kí ẹ sì mọ̀ pé irúgbìn máa ń so ṣúgà mọ́ apá kan rẹ̀, tí àyẹ̀wò DON lásán kò ní rí. Ochratoxin A ni ti kọfí àti èso gbígbẹ. Patulin ni ti omi èso ápù, ààlà rẹ̀ ní Yúróòpù jẹ́ 50 µg/kg.

Aláyẹ̀wò-Ọkà

Ààlà aflatoxin tí ẹni tó ń rà á lè bi yín nìyí. Amẹ́ríkà ń lo 20 ppb àpapọ̀ fún oúnjẹ ènìyàn. Yúróòpù ń lo 2 fún B1 àti 4 fún àpapọ̀ bí àgbàdo tàbí ẹ̀pà bá ń lọ tààrà sẹ́nu ènìyàn; bí wọ́n bá ṣì máa ṣà á, àgbàdo jẹ́ 5 àti 10, ẹ̀pà jẹ́ 8 àti 15. Codex, àjọ òdiwọ̀n oúnjẹ àgbáyé, sọ 15 fún ẹ̀pà tó ń lọ fún ìṣiṣẹ́ síwájú sí i. Ẹni tó bá ń fi àgbàdo bọ́ màlúù tí ń fún wàrà, kó mọ̀ pé B1 ń di M1 nínú wàrà, ààlà M1 ní Yúróòpù sì jẹ́ 0.05, ó kéré gan-an. Kí ẹ tó yan kíìtì, ẹ wò ó bóyá ó lè ka ìdajì ààlà tí ẹ ń tọ̀. Kíìtì tó bẹ̀rẹ̀ láti 5 ppb kò wúlò fún ààlà 4.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin náà: bí àgbàdo bá ju 14% lọ, ẹ má di sáńpù sínú ọ̀rá. Èbu á máa dàgbà lọ́nà, láàbù á sì ka májèlé tí kò sí nínú ẹrù yín. Ẹ lo àpò pépà tàbí aṣọ, ẹ gbẹ ẹ́ ní ìwọ̀n tí kò kọjá 60°C, tàbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ọ̀rinrin lè da iyọ̀ gbígbẹ mọ́ àgbàdo nínú ìgò gbígbẹ, kó dé e, kó mì í dáadáa, kó sì jẹ́ kó fara balẹ̀: bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó ti ju 15% lọ.

Olùtọ́jú-Àká

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé sísè tàbí yíyan lè mú un kúrò bó bá kọjá ààlà? Báwo la ṣe ń fọ ohun tí a lò?

Màmá-Láàbù

Sísè kò mú un kúrò. Yíyan máa ń dín in kù díẹ̀, ẹ ò sì lè fọkàn tán an. Ṣíṣà ló ń ṣiṣẹ́ jù fún ẹ̀pà: ẹ yọ èyí tó yí àwọ̀, tó rún, tó fọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣà á tán, ẹrù mìíràn ni, ẹ tún bu sáńpù láti ìbẹ̀rẹ̀, lójú 30 náà.

Aflatoxin ń fa jẹjẹrẹ, àjọ IARC tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ sì kà á sí ìpele àkọ́kọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, pàápàá nígbà ìlọ̀, torí eruku ló ń gbé e wọ imú. Ẹ rì àwọn gíláàsì sínú omi bílíìsì tí sodium hypochlorite inú rẹ̀ jẹ́ 1%, fún wákàtí 2 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ẹ fi acetone sí i títí yóò fi jẹ́ 5%, nítorí bílíìsì nìkan máa ń fi ohun mìíràn tó léwu sílẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, ìwọ̀nba kékeré. Ẹ má da ásíìdì kankan sí i láé.

Ìyẹ̀fun tó kù nínú kílò 4 yẹn, ẹ pín in sí mẹ́ta: ọ̀kan fún àyẹ̀wò, ọ̀kan fún ẹni tó ń rà á, ọ̀kan nínú fírísà ní −18°C, tí ẹ dì pa, tí ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà ẹrù, iye ojú tí ẹ ti bù ú àti ọ̀rinrin rẹ̀ sí lára. Bí láàbù tiwọn bá sọ iye tó yàtọ̀ sí tiyín, ìyẹn lẹ ó gbé lọ síbi ìkẹta.